Máàpù Rélùwéè Lọ́ńdọ̀nù: Kí Ló Ń Sọ, Kí Ni Kò Sọ?

Wọ́n ti kọ́ wa ní Jọ́gíráfì pé ká kọ́kọ́ wo òṣùwọ̀n ìsàlẹ̀ máàpù ká tó wọn ọ̀nà. Nígbà tí mo lọ kí àǹtí mi ní Lọ́ńdọ̀nù, mo rí máàpù kan tí kò ní òṣùwọ̀n rárá, bẹ́ẹ̀ tọmọdé tàgbà ló ń lò ó.

Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù ni àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé. Ọdún 1863 ló bẹ̀rẹ̀, láti Paddington sí Farringdon. Bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni máàpù rẹ̀ ń ṣòroó kà. Ní ọdún 1931, Harry Beck, tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán wáyà iná, tún un yà. Èrò tirẹ̀ ni pé ẹni tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kàn fẹ́ mọ ibi tó máa ti wọkọ̀, ibi tó máa ti pààrọ̀ ọkọ̀, àti ibi tó máa bọ́ sílẹ̀ sí. Ó na àwọn ìlà náà gbọọrọ, ó fẹ ààrin ìlú lójú, ó sì fún àwọn àdúgbò ẹ̀yìn ìlú pọ̀. Ní 1933 ni wọ́n gbé e jáde fún aráàlú.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí. Bí èèyàn bá wo máàpù náà, á rò pé ó yẹ kéèyàn wọkọ̀ láti Leicester Square dé Covent Garden. Àmọ́ nǹkan bíi 260 mítà péré ni! Mo fẹsẹ̀ rìn ín, kò gbà mí tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Sóònù ni wọ́n fi ń ka owó ọkọ̀, nítorí náà ọ̀nà kúkúrú yẹn kò dín owó kù. Owó tí wọ́n fún mi kò sì pọ̀, ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun tí mo wá ń ṣe nìyí:

1. Mo ń fi máàpù rélùwéè mọ ibi tí mo máa ti pààrọ̀ ọkọ̀, mo sì ń fi máàpù títì mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

2. Bí mi ò bá kánjú, bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀. Peckham ni àǹtí mi ń gbé, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ò sì débẹ̀. Iye kan náà ni owó bọ́ọ̀sì, ì báà jìn, ì báà má jìn. Láàrin wákàtí kan téèyàn bá san án, ó lè wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láìtún san owó.

3. Káàdì ni mo fi ń sanwó, torí wọn ò gba owó lọ́wọ́ èrò nínú bọ́ọ̀sì mọ́ láti ọdún 2014.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, máàpù Beck kò parọ́ o. Ohun tí a bá bi í ló ń dáhùn. Ká tó tẹ̀ lé máàpù kan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ yà á.