Má Ṣe Fọwọ́ Ara Rẹ Fi Kún Un

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé owó ti pé, pé o fẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà aládàáni kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò bóyá ADHD, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè fọkàn sí nǹkan tàbí jókòó jẹ́jẹ́, ló ń dà ọ́ láàmú. O ṣeun tí o fi tó mi létí kí o tó lọ. Bí o bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á ní ẹ̀mí àṣetì ni, kí o lọ gba ààwẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ fún bàbá rẹ lórí fóònù, á ní ọ̀lẹ ni, pé àwọn tó fi àtùpà kàwé ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àdúrà, máa gbà á lọ. Ti bàbá rẹ, fi sùúrù gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Adewuya àti Famuyiwa yẹ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò ní Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2007, ìdá 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ náà ni wọ́n bá a lára wọn. Nílé wa lọ́hùn-ún ni o.

Mi ò bá ọ jà pé o ò lọ sí ti ìjọba. Ọ̀nà wà níbẹ̀: kílíníìkì àdúgbò á kọ lẹ́tà fún ọ, lẹ́tà náà á gbé ọ dé ilé ìwòsàn Charlotte Maxeke ní Parktown tàbí Helen Joseph, ní Johannesburg níbí. Ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Ní 2025, àwọn Operation Dudula, ẹgbẹ́ tó ń ta ko àwọn àjèjì, tún lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà àwọn kílíníìkì kan ní Gauteng, wọ́n ń lé àlejò padà. Ilé ẹjọ́ gíga ti pàṣẹ nínú oṣù Kọkànlá ọdún náà pé kí wọ́n jáwọ́, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ti lé lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yá láti padà lọ.

Ó dáa, aládàáni náà ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ráńdì ni wọn yóò gbà, nítorí náà mọ ohun tí o ń rà. Sàíkọ́lọ́jíìsì lè yẹ̀ ọ́ wò fínnífínní, kò lè kọ oògùn fún ọ. Dókítà ọpọlọ lè ṣe méjèèjì. Wo orúkọ ẹni tí o fẹ́ lọ bá nínú àkọsílẹ̀ HPCSA, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wíwò ò gba kọ́bọ̀. Bí o ò bá mọ ẹni tí o lè lọ bá, àwọn SADAG, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tó ní ìṣòro ọpọlọ lọ́wọ́, tí Zane Wilson dá sílẹ̀ ní 1994, ní àwọn tó ń gbé fóònù, wọn á tọ́ ọ sọ́nà. Ẹni tó bá fún ọ ní fọ́ọ̀mù kan, tó ní kí o fa igi sí i, tó sì kọ oògùn kí tíì tí wọ́n gbé fún ọ tó tutù, dìde níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Gúúsù Áfíríkà, ìyẹn SASOP, ti gbé ìlànà jáde ní 2017 lórí ADHD àgbàlagbà. Kò sí ibi tí ìkánjú ti wọ inú rẹ̀.

Dókítà tó mọṣẹ́ á bi ọ́ léèrè ìgbà èwe rẹ. DSM-5, ìwé àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà tó jáde ní 2013 tí wọ́n ń lò níbí náà, sọ pé àmì márùn-ún ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tó ti pé ọdún 17, pé díẹ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti hàn kó tó pé ọdún 12, kó sì hàn níbi tó ju ẹyọ kan lọ. Bó bá jẹ́ pé nínú ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ yìí nìkan ni nǹkan ti ń dojú rú fún ọ, bóyá ọ̀gá náà ni àìsàn ọ̀hún.

Ta ló wá mọ̀ ọ́ kí o tó pé ọdún 12? Màmá rẹ ni. Ní kí wọ́n tú báàgì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ìwé ìrìbọmi àti rìsíìtì ilẹ̀ wà, kí wọ́n yọ ìwé èsì ilé ìwé rẹ jáde, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp. Máàkì ìṣirò kọ́ ni kí o kọ́kọ́ wò. Wo ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí tíṣà ti kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí: eré rẹ̀ pọ̀ jù, ó lè ṣe jù báyìí lọ bó bá fọkàn sí i, kì í parí iṣẹ́ kíláàsì. Wo àpótí kéékèèké tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìmọ́tótó àti ìfarabalẹ̀. Ìwé tí wọ́n torí ẹ̀ nà ọ́ nígbà náà, òun gan-an ni dókítà ń wá lónìí. Kí o sì ti bá màmá rẹ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, torí bí wọ́n bá gbọ́ pé dókítà fẹ́ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á fẹ́ bò ọ́ láṣìírí. Wọ́n á ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ. Sọ fún wọn pé ká sòótọ́ ló dáa níhìn-ín, kí wọ́n sọ ti kọ́kọ́rọ́ tí o ń sọ nù ní gbogbo ìgbà, àti ti ọjọ́ tí wọ́n rán ọ ní iyọ̀ tí o bọ́ sórí pápá bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí dókítà máa bi ọ́, tí ilé wa kì í fẹ́ dáhùn. Ṣé ẹnì kan kú lójijì nínú ẹbí rẹ nígbà tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí? Ṣé àìsàn ọkàn wà nínú ìdílé? Oògùn ADHD tó wọ́pọ̀ jù níbí, methylphenidate, lè mú kí ọkàn máa lù kíkankíkan, ó sì lè gbé ìfúnpá sókè. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè náà fi ṣe pàtàkì. Wàyí o, àwa a kì í sọ pé ọkàn ló pa ènìyàn. Àbúrò bàbá rẹ tó ṣubú lulẹ̀ lọ́jà tí kò dìde mọ́, ayé ni wọ́n ní ó ṣe é. Ìyá àgbà kan á ní wọ́n ta á lọ́fà ni. Mi ò ní kí o bá wọn jiyàn. Fi ti ayé sílẹ̀ fún wọn, béèrè ohun tí ojú rí: ọdún mélòó ló jẹ́, kí ló ń ṣe nígbà tó ṣubú, ṣé ó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé àyà ń dùn ún? Ìyẹn ni kí o gbé lọ fún dókítà. Sọ ti igbó náà, bí o bá ń mu ún. Constitutional Court ti sọ láti 2018 pé àgbàlagbà lè mu ún níkọ̀kọ̀, dókítà náà kì í sì í ṣe ọlọ́pàá. Àgbo tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọ láti ilé ńkọ́? Sọ ọ́.

Ká ní ADHD ni, tí dókítà sì kọ oògùn. Leandro Panizzon, oníṣẹ́ kẹ́míkà kan ní ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland, ló ṣe methylphenidate ní 1944. Rita, orúkọ ìnagijẹ ìyàwó rẹ̀, ló fi sọ Ritalin. Ritalin oníhóró á ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́rin. Concerta, methylphenidate kan náà tó ń tú jáde díẹ̀díẹ̀, lè dé wákàtí 12, ó sì ní 18, 27, 36 àti 54 mg. Gbígbé e mì lódindi ni o. Má lọ̀ ọ́, má gé e. Bí o bá rí èèpo rẹ̀ nínú ìgbẹ́, má pariwo. Oògùn ti jáde kúrò nínú rẹ̀.

Kékeré ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè wo ìbú àyà rẹ kó mọ iye tí ara rẹ ń fẹ́. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ lè dúró sí ìwọ̀n tí ọmọdé ń lò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, má bínú sí àgbà. Ra ìwé kékeré kan. Kọ aago tí o lò ó, aago tí o rí i pé ó mú, aago tí ó lọ, ohun tí o jẹ àti bí o ṣe sùn. Jẹun kí o tó lò ó, torí bó bá ti wọlé, oúnjẹ ọ̀sán lè má wù ọ́ mọ́. Ya sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì inú Clicks tàbí Dis-Chem kó bá ọ wọn ìfúnpá, kí o kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Má sì jẹ́ kí ó jẹ́ bí ara rẹ ṣe yá tó lo fi ń mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Wò ó bóyá o parí fọ́ọ̀mù owó orí tó ti wà lórí tábìlì láti oṣù Kẹta. Kíyè sí ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú, nígbà tí oògùn bá ń kúrò lára. Inú lè máa bí ọ sódì, orí òpópónà M1 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni yóò sì ti bá ọ, níwájú dẹ́rẹ́bà táásì tí inú ti ń bí tẹ́lẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni dókítà fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀, torí ó lè jẹ́ wákàtí lílò rẹ̀ ló yẹ kó yí padà, kí iye má yí rárá.

Àwọn kan wà tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn mọ́ wọn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Nígbà tí adùn yẹn rọlẹ̀, wọ́n ní oògùn ti kú, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo méjì dípò ẹyọ kan. Ọmọ mi, Schedule 6 ni òfin Gúúsù Áfíríkà to methylphenidate sí. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n lè fún ọ, kò sí àtúngbà lórí ìwé kan náà. Oṣooṣù ni dókítà ń kọ tuntun. Bí o bá lo méjì-méjì, yóò tán lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí apòògùn lè gbọ́. Ọjọ́ 15 tó kù, òfo. O ò ní mọ ìwọ̀n tó yẹ ọ́, dókítà náà ò ní mọ̀.

Oṣooṣù yìí náà ni kí o fi ṣírò owó kí o tó bẹ̀rẹ̀. ADHD kò sí nínú àwọn àìsàn, irú bí ìtọ̀ ṣúgà tàbí ikọ́ fée, tí òfin fi dandan lé e pé kí gbogbo medical aid, ìyẹn ètò ìbánigbófò ìlera, sanwó wọn. Pè wọ́n, bi wọ́n ohun tí ètò tìrẹ bò. Bi dókítà bóyá dókítà àdúgbò lè máa kọ ìwé oògùn nígbà tí ìwọ̀n bá ti dúró, ó dínwó. Ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ lé àyẹ̀wò tí kò ní ti oògùn oṣù kejì, àárín odò ló dúró sí.

Nígbà ìdánwò ní Yunifásítì Wits, ọ̀rẹ́ á ní kí o fún òun ní hóró méjì péré. O ò mọ ọkàn tó wà láyà rẹ̀, òfin ò sì gbà á. Bí o bá ń lọ sílé ní Kérésìmesì, fi oògùn sílẹ̀ nínú páálí tí orúkọ rẹ wà lára rẹ̀, mú lẹ́tà dókítà àti ìwé oògùn dání. Má dà á sínú ike fítámì. Ẹ̀gbọ́n rẹ á sì gbọ́ ohun tó ṣe fún ọ, wọ́n á ní kí o fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ wọn tí kì í lè jókòó kàwé. Má fún wọn. Sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aro tàbí Yaba, èyí tó bá sún mọ́ wọn jù, kí wọ́n sì mú ìwé èsì ilé ìwé rẹ̀ dání.