Ta Ló Ń Jókòó Níwájú Golf Náà?

Lẹ́tà rẹ gùn, ìwọ ọmọkùnrin tó kọ̀wé láti Àpẹtẹ n'Ìbàdàn, mo sì kà á tán. Mo ka ti ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ìyeyè, mo ka ti èyí tí wọ́n fi ń tẹ mọ́tò sílẹ̀, mo ka ìbéèrè rẹ pé èwo ló máa múná jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n inú àkámọ́, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi téèyàn máa ń ju ọ̀rọ̀ tí kò kà sí sí, lo ti sọ pé màmá rẹ ti ń gbé ìrọ̀rí dání báyìí tẹ́ ẹ bá ń lọ sí kílíníìkì. Wọ́n á fi ti ẹ̀yìn, wọ́n á fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, wọ́n á sì máa pe orúkọ Ọlọ́run ní gbogbo gálọ́ọ̀pù. O wá kọ "hahaha" sí i.

Kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Ìrọ̀rí yẹn ni màá dáhùn.

Golf 3 GTI bíi tìrẹ kì í gbá èèyàn nídìí báyẹn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá pé. Tí ìyá àgbàlagbà bá ti ń wá ohun tí wọ́n máa fi ti ara wọn nínú mọ́tò, a jẹ́ pé nǹkan ti kú lábẹ́ mọ́tò yẹn, ó sì ti pẹ́ tó ti kú. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n lára torí ìwọ lò ń wà á. Awakọ̀ ti rí kòtò kó tó dé ibẹ̀, ara rẹ̀ ti múra. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìyà ń jẹ.

Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ olùkọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ṣọ́ọ̀kì ló ń gbé mọ́tò dúró. Rárá o, sípíríǹgì ló ń gbé e. Bí táyà bá ko kòtò, sípíríǹgì á sún kì, á sì fẹ́ ta padà, bí a bá sì fi òun nìkan sílẹ̀, mọ́tò á máa jó lọ láti Àpẹtẹ títí dé Mọ́kọ́lá. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti dá ijó yẹn dúró. Ọ́ìlì ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú písítìnì tó ní ihò tín-ín-tìn-ìn-tín. Bí irin ṣọ́ọ̀kì bá ti ń wọlé tó ń jáde, ọ́ìlì á máa fipá gba ihò náà kọjá, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń ti oògùn jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́. Agbára tó yẹ kó gbé mọ́tò jó á wá di ooru. Ìyẹn ló fà á tí ṣọ́ọ̀kì tó ń ṣiṣẹ́ fi máa ń gbóná lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀nà burúkú, tí èyí tó ti kú á tutù. Ìgbà tí ọ́ìlì bá jò tán, tàbí tí ara inú rẹ̀ bá jẹ, táyà ò ní lè kanlẹ̀ dáadáa mọ́, táyà tí kò bá sì kanlẹ̀ kò lè gbọ́ràn sí bíréèkì lẹ́nu. Fi àtẹ́lẹwọ́ fa ara táyà iwájú rẹ yíká. Bó bá rí gbágungbàgun, tó ń ga tó ń relẹ̀, o ò tún nílò ẹlẹ́rìí míì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Lọ́ńdọ̀n ló ń bí mi nínú. Òun ló ń fi fídíò ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp, òun ló ní Bilstein B8 ni kó o rà, pẹ̀lú sípíríǹgì kúkúrú, kí mọ́tò lè "jókòó dáadáa". Ta ló fẹ́ kó jókòó? Ṣé màmá rẹ ni àbí mọ́tò? Ọjà gidi ni B8, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ó kúrú ju ti ilé iṣẹ́ lọ. B6 le bíi tirẹ̀, àmọ́ òun bá sípíríǹgì tó bá mọ́tò wá mu. B4 ló wà fún ẹni tó fẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde. Aláwọ̀ ìyeyè tó o fẹ́ràn yẹn, Koni Sport ni, ara Netherlands, èèyàn sì lè yí i kó le sí i tàbí kó rọ̀. Ó dáa lójú ọ̀nà tó dáa. Ní Àpẹtẹ, tó o bá ti tẹ Golf 3 sílẹ̀, àyè tí irin ṣọ́ọ̀kì ní láti rìn á dín kù, gbogbo kòtò ló máa gbá a dé ìsàlẹ̀, ọ́ìlì pánù rẹ á sì máa kí gbogbo bọ́ǹpù àdúgbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́ńdọ̀n ní kòtò tiẹ̀ náà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ewé sí lórí kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà jìn sí i.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ò sì mọ̀ nípa GTI tó ń fi ṣakọ nìyí. Àwọn ẹnjiníà díẹ̀ ní Volkswagen ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ bí iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́, láìjẹ́ pé ọ̀gá kankan rán wọn níṣẹ́. Mọ́tò ìdánwò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe le, ó sì ń pariwo bí ẹhànnà. Wọn ò tà á báyẹn. Herbert Schuster, tó jẹ́ ọ̀gá nídìí ìdánwò mọ́tò, ló tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe títí tó fi yára láìfìyà jẹ ẹni tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n gbé e jáde níbi àfihàn Frankfurt ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1976, agbára ẹṣin 110. 5,000 péré ni wọ́n rò pé àwọn máa tà. Nígbà tó máa fi dé orí Golf 3 bíi tìrẹ, ẹ́ńjìnnì 2.0 tó ní fáàfù mẹ́jọ ti ń mú 115 wá, oní-fáàfù-mẹ́rìndínlógún sì ń mú 150. Mọ́tò tí èèyàn lè fi sáré lọ́jọ́ Sátidé, kó sì fi gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, ni GTI láti ilé iṣẹ́ wá. Ẹni tó bá wá sọ ọ́ di pátákó ti ba iṣẹ́ àwọn ará Jámánì wọ̀nyẹn jẹ́.

Mẹkáníìkì rẹ náà jẹ̀bi, kì í sì í ṣe díẹ̀. O ní ó sọ pé ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, torí iwájú ọ̀tún nìkan ló ń jo ọ́ìlì, pé tí owó ò bá sì sí, òun á lu ihò sí i, òun á rọ ọ́ìlì míì sínú ẹ̀. Má gbà. Méjì méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ wọn, iwájú pẹ̀lú iwájú, ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́tò á máa fara sí apá kan tó o bá tẹ bíréèkì. Èyí tí wọ́n bá sì lu ihò sí ti di irin lásán.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo nígbà kan. Ibi tó ti lè rí bọ́ńpà Golf 2 ló ń wá, kò bèèrè nǹkan míì. Ìgbà tí mo bi í pé kí ló ṣe bọ́ńpà àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó jáde. Ó ra ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ mẹ́rin, dúdú ni gbogbo wọn, wọ́n ń dán. Ẹni tó tà á fún un ti fi bẹntiróòlù fọ ọ́ìlì tó jò síta kúrò lára wọn, ó fi ọ̀dà kùn wọ́n. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan, màlúù yọ níwájú, ó tẹ bíréèkì, ìdí mọ́tò fẹ́ ya orí sílẹ̀. Inú igbó ló bá ara rẹ̀. Kò fara pa, ọpẹ́ ni. Síbẹ̀ bọ́ńpà ló ń wá! Ṣọ́ọ̀kì wọ̀nyẹn ṣì wà lára mọ́tò náà nígbà tó ń kọ̀wé.

Tuntun ni kó o rà, kó o sì ra èyí tí kò ní ariwo: Sachs tàbí Boge, àwọn tó ti ń ṣe fún Volkswagen tipẹ́, tàbí Bilstein B4, tàbí Excel-G ti KYB láti Japan. Owó tó o fẹ́ fi kún un kó lè jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, fi ra rọ́bà tó ń jókòó lórí ṣọ́ọ̀kì iwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní máńtìn, pẹ̀lú bíárìn rẹ̀, àti rọ́bà kékeré tí kì í jẹ́ kí irin gbá ìsàlẹ̀. Wo bọ́ọ̀ṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì náà. Mo fura pé ìdajì ohun tó ń lu màmá rẹ lẹ́yìn, máńtìn tó ti fọ́ ló fà á. Tó bá jẹ́ ọjà Gate lo ti máa rà á, gbé ṣọ́ọ̀kì náà dúró lóòró, kó o fi ọwọ́ ti irin rẹ̀ wọlé. Ó yẹ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀, kó má já sófo níbì kankan. Onígáàsì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ dìde padà. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, páálí tó ń dán kì í ṣe ẹ̀rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi í sí i, jókòó tì wọ́n. Nínú Golf 3, ṣọ́ọ̀kì iwájú ń wọ inú páìpù kan ni, nọ́ọ̀tì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ló sì dé e lórí. Tó o bá rí i tí ẹnu nọ́ọ̀tì náà ti ya wálawàla, ẹnì kan ti fi ṣísẹ́lì àti òòlù tú u rí. Kí wọ́n nu omi àti ìpẹtà inú páìpù kúrò kí tuntun tó wọ̀ ọ́. Ohun tó máa pa ṣọ́ọ̀kì tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni píláyà. Bí wọ́n bá fẹ́ de nọ́ọ̀tì òkè, irin á máa yí tẹ̀lé e, ọmọṣẹ́ á wá fi píláyà di irin dídán yẹn mú. Ojú ibẹ̀ á ha. Ibi tó ha yẹn á máa gé rọ́bà tó ń sé ọ́ìlì mọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé tó bá jáde, kò ní pẹ́ tí ọ́ìlì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò, wọ́n á sì sọ fún ọ pé ayédèrú lo rà. Ojú rẹ kò gbọ́dọ̀ kúrò lára irin yẹn. Lápá ẹ̀yìn, kí wọ́n má de bóòtì ìsàlẹ̀ le títí mọ́tò á fi sọ̀ kalẹ̀ lórí táyà rẹ̀, kí rọ́bà ibẹ̀ má baà lọ́. Lẹ́yìn náà, kó lọ fún aláìnmẹ́ǹtì.

Ó dáa. Mo ti bú ẹ̀gbọ́n rẹ tó. Mo tún lẹ́tà rẹ kà, mo sì rí i pé bàbá yín ló fi Golf yẹn kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ní mọ́tò wíwà, àti pé kò ráyè wálé fún ìsìnkú wọn. Ẹni tí kò lè wá sin bàbá rẹ̀, tó wá ń wá ṣọ́ọ̀kì kiri fún mọ́tò bàbá náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Má sọ fún un pé mo bú u. Sọ fún un pé iṣẹ́ wà fún un: ó rọrùn fún un ju fún ọ lọ láti rí ojúlówó níbi tó wà. Iwájú méjì, ẹ̀yìn méjì, máńtìn méjì, gbogbo rẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe fẹ́ ẹ. Kó kó wọn mọ́ ẹrù ojú omi, torí ọkọ̀ òfuurufú kì í fẹ́ gba ohun tí gáàsì wà nínú ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì kan lè má bá òmíràn mu, nítorí náà wo bébà kékeré tó wà lábẹ́ táyà ìpamọ́ nínú bọ́ọ̀tù, bí kò bá tíì ya, kó o sì da nọ́ńbà ṣaasí kọ, gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Pè é lálẹ́ òní. Kí i dáadáa, bèèrè àwọn ọmọ, kó o tó ka nọ́ńbà náà fún un.