Oúnjẹ Ọmọ Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Já Lẹ́nu Ọmú

Àwọn àgbà ní oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tí ó kún inú ni ó ń tọ́ ara. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni ọ̀ràn yìí kàn jùlọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni oúnjẹ pín sí. Èkíní ń fún ara ní agbára: iṣu, gàrí, ẹ̀kọ àti epo. Èkejì ń mú ara dàgbà: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, edé àti ẹran. Ẹ̀kẹta ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ àrùn: ẹ̀fọ́ àti èso. Gbogbo ènìyàn ni ó nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n bí èkejì bá wọ́n ọmọdé, ara rẹ̀ kò ní lè dàgbà bí ó ti yẹ.

Ní ọdún 1929, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí a bí ní Jàmáíkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Ó rí àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn sì ń bó. Oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n ń fún wọn lẹ́yìn ọmú. Ó kọ ìròyìn àrùn náà ní ọdún 1933. Ní ọdún 1935, ó pè é ní orúkọ tí àwọn ẹ̀yà Gà ń pè é, kwashiorkor, èyíinì ni àìsàn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò lé e.

Nínú 100 gíráàmù àgbàdo gbígbẹ, èròjà tí ń mú ara dàgbà tó nǹkan bí gíráàmù 9. Nínú ẹ̀wà gbígbẹ, ó tó nǹkan bí 23. Bí a bá sì sẹ́ ògì, díẹ̀ nínú èyí tí ó wà nínú àgbàdo náà a bá èérí lọ. Nítorí náà, ọmọ lè mu ẹ̀kọ yó, kí ebi sì máa pa ara rẹ̀. Ìyá lè rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó tóbi, kí ó rò pé ọmọ ń sanra, bẹ́ẹ̀ wíwú ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà láìfi falẹ̀, nítorí àrùn náà a máa pani.

Kí ni kí á ṣe? Ọmú nìkan ni kí ọmọ mu fún oṣù 6. Lẹ́yìn èyí, kí a máa fi oúnjẹ kún un, kí ọmú má sì tíì dáwọ́ dúró títí ọmọ yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a lọ ẹja gbígbẹ tàbí edé kúnná sínú ẹ̀kọ rẹ̀. Kí a fún un ní mọ́ínmọ́ín tí kò ní ata, ẹyin tí ó jinná, àti ẹ̀fọ́ tí a gé wẹ́wẹ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ẹran, ẹ̀wà kò jìnnà sí i.

Àwọn kan ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin tàbí ẹran yóò di olè. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni kì í jẹ́ kí ọmọ jalè, kì í ṣe àìjẹ ẹyin. Ẹ̀yin baba, bí ẹ bá ń pín ẹran, ẹ rántí ẹni tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ni ọmọ tí ó kéré jù nílé yín jẹ lánàá? Èwo nínú rẹ̀ ni ó ń mú ara dàgbà?
2. Báwo ni a ṣe lè mọ ọmọ tí ara rẹ̀ wú yàtọ̀ sí ọmọ tí ó sanra?