Àlòkù, Tòkunbọ̀, àti Ọkọ̀ tí Ẹni tó Jápa Máa Rà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ tú wò lónìí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú yín, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ò gbé ilẹ̀ Yorùbá rí. Ẹ dé ọjà èyíkéyìí nílùú tí ilé-ìwé wa wà yìí, níbi tí Yorùbá kì í ti í ṣe èdè ọjà, kí ẹ ní ẹ fẹ́ ra mọ́tò tàbí fíríìjì. Ẹni tó ń tà á, ì báà ṣe Haúsá, ì báà ṣe Ígbò, á bi yín pé ṣé tuntun ni àbí tòkunbọ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa nìyẹn. Lọ́dún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford náà gbà á wọlé, ó kà á mọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí àwa ọmọ Nàìjíríà ń sọ.

Orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀ kó tó di orúkọ ọjà. Ti òkun bọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, tí àwọn òbí rẹ̀ gbé bọ̀ wálé, ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ti lò wá ń gba èbúté Èkó àti Kútọnu wọlé, àwọn ènìyàn rí i pé ìrìn-àjò kan náà ni ọmọ àti ọkọ̀ jọ rìn, orúkọ bá kúrò lára ọmọ, ó bọ́ sára mọ́tò. Orúkọ tó ní iyì ni. Ẹni tó ní tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ òun, fáàrí ló ń ṣe yẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ òótọ́ jù ni àlòkù. Ẹ wo bí a ṣe hun ún: à, lò, kù. Ohun tí ẹnìkan lò tó sì kù. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe hun àjẹkù àti àmukù. Àlòkù kì í ṣe fáàrí rárá. Ó ń rán ẹni tó fẹ́ rà á létí pé ẹnìkan ti jẹ nínú rẹ̀, ìyókù ló fẹ́ tà. Ìbéèrè tó wá kù ni: èló ló ti jẹ, èló ló ṣẹ́ kù?

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní bùrọ̀dá tàbí àǹtí tó ti jápa lọ Ìlú Ọba. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ ká mú àǹtí kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ojúlé dé ojúlé, ní ìlú kékeré kan. Aago mẹ́fà ìdájí ló gbọ́dọ̀ wà nílé ẹni àkọ́kọ́, kò sì sí bọ́ọ̀sì lásìkò yẹn. Bí kò bá ní ọkọ̀, iṣẹ́ lè bọ́. Bí ìwé ìgbélùú rẹ̀ bá sì so mọ́ iṣẹ́ ọ̀hún, ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Owó tó fi pamọ́ ò pọ̀, ìkánjú wà níbẹ̀, kò sì mọ mẹkáníìkì kankan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn oníjìbìtì ń wá. (Ọkọ̀ tó fẹ́ rà yẹn kì í sì í ṣe tòkunbọ̀ o. Ọkọ̀ ò kọjá òkun kankan. Àǹtí ló kọjá òkun.)

Nílé níbí, mẹkáníìkì la máa ń mú dání. Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á dẹtí sí ẹ́ńjìnnì, á mi orí, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá dúrà. Lọ́hùn-ún, ìwé ló ṣáájú, orí fóònù ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò kan lọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT. Wọ́n á wo bírékì, táyà, iná, sítíárìn, èéfín àti ìpẹta. Àbájáde rẹ̀ wà lórí ìkànnì ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan ni èèyàn máa tẹ̀ sí i, á sì rí i pé lọ́dún báyìí ó yege, lọ́dún báyìí ó fìdí rẹmi, ohun tó jẹ́ kó fìdí rẹmi, àti ohun tí wọ́n ní ẹ ṣọ́ra fún torí kò ní pẹ́ bàjẹ́. Máìlì tí ọkọ̀ ti rìn náà wà níbẹ̀.

Ibi máìlì yìí ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí ọkọ̀ kan bá rìn 92,000 máìlì lọ́dún 2022, tí ìwé ọdún 2023 wá sọ pé 61,000, ẹnìkan ti fọwọ́ yí aago padà, àfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣi nọ́ńbà kọ. Ọkọ̀ kì í dàgbà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá sì ti kìlọ̀ nípa bírékì kan náà fún ọdún mẹ́ta léraléra, ìyẹn ń sọ irú ẹni tó ni ọkọ̀ náà fún wa: ẹni tí kì í náwó sí nǹkan àfi tí wọ́n bá fi túláàsì mú un. Kí ló wá ṣe sí epo ẹ́ńjìnnì, tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò? Ẹ má sì gbàgbé pé MOT ò wọ inú ẹ́ńjìnnì, kò sì yẹ jíà wò. Ó kàn sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n wò ó, kò léwu fún ojú pópó ni.

Ìwé kejì ni ìwé ọkọ̀ fúnra rẹ̀, V5C. Ẹ̀kọ́ èdè wà nínú èyí. Ẹni tórúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé yẹn, wọn ò pè é ní ẹni tó ni ọkọ̀. Wọ́n pè é ní ẹni tí ọkọ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, ẹ mọ̀ pé a kì í da "òun ló ni ín" pọ̀ mọ́ "ọwọ́ rẹ̀ ló wà". Ọmọ tí wọ́n fi ewúrẹ́ sí lọ́wọ́ ò lè tà á. Nítorí náà, kí àǹtí wò ó bóyá orúkọ àti àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé bá ti ẹni tó ń ta ọkọ̀ mu, bóyá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọkọ̀, tó máa ń hàn nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, bá ti inú ìwé mu. Ẹni tó bá ní ká pàdé lẹ́bàá ilé epo, tó sì ní ìwé ti sọnù, kí àǹtí kí i pé ó dàbọ̀.

Ó tún yẹ kó san owó díẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó ń wádìí bóyá gbèsè ṣì wà lórí ọkọ̀, bóyá wọ́n jí i gbé, tàbí bóyá ó ti ní jàǹbá rí. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2017, lẹ́tà ni wọ́n fi ń pín àwọn tó ti ní jàǹbá. A àti B ò gbọ́dọ̀ padà sójú títì mọ́. S túmọ̀ sí pé egungun ọkọ̀ gan-an ló fara gbá a, wọ́n sì lè tò ó. N, jàǹbá náà ò dé egungun. Àwọn kan á ní S tí wọ́n bá tò dáadáa ò burú, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún àlejò pé wọ́n tò ó dáadáa? Èmi ò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nímọ̀ràn pé kó sún mọ́ S.

Tí ìwé bá ti dán, ó ku ojú àti etí. Ojúmọmọ ni kó lọ, kì í ṣe alẹ́, kì í ṣe inú òjò, nítorí omi máa ń bo ìhà lára ọ̀dà. Kó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ta iná sí i. Bó bá gbóná, kó béèrè ìdí tí wọ́n fi ti ta iná sí i ṣáájú, torí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàìsàn máa ń fi ara hàn nígbà tó bá tutù. Kó wo èéfín. Èéfín aláwọ̀ búlúù, epo ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Funfun, nínú òtútù àárọ̀ kò sí wàhálà bó bá tètè lọ, àmọ́ bó bá ń rú ṣáá, omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ. Táyà ò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ju 1.6 mílímítà lọ. Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń lò: kí wọ́n ki owó ẹyọ ogún pẹ́ńsì bọ inú ìlà táyà, bí etí owó náà bá ṣì hàn, táyà ti fẹ́ tán. Kó sì béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ timing belt, kó rí rìsíìtì rẹ̀. Bí ìyẹn bá já lójú ọ̀nà, ó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ pátápátá.

Sítíárìn wọn, apá ọ̀tún ló wà, apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ń gbà. Àwa náà ń gba òsì tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 la yí i padà. Ẹ bi àwọn bàbá àgbà yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti owó, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Adójútòfò, tí gbogbo wa ń pè ní íńṣọ́ránsì, pọn dandan. Ẹni tí kò tíì wakọ̀ níbẹ̀ rí, owó tí wọ́n máa bù fún un lọ́dún kan lè ju owó ọkọ̀ àlòkù rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kó béèrè iye rẹ̀ kó tó sanwó ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré bíi Ford Fiesta tàbí Toyota Yaris tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré sábà máa ń rọjú. Jíìpù tí a fẹ́ràn nílé ńkọ́? Kó ṣì dúró ná. Ẹni tí wọ́n bá mú láìní adójútòfò, pọ́n-ùn 300 ni ìtanràn rẹ̀ pẹ̀lú àmì mẹ́fà lórí láísẹ́nsì, ọlọ́pàá sì lè gbé ọkọ̀ lọ.

Owó orí ọkọ̀ tí ẹni tó tà á ti san kì í bá ọkọ̀ lọ. Ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ san tiẹ̀ kó tó gbé e kúrò níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé, láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, gbogbo ìlú náà ni òfin èéfín ULEZ kàn. Ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ ò bá bófin mu á máa san pọ́n-ùn 12.50 lójoojúmọ́ tó bá jáde. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, pọ́n-ùn 62.50. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 250. Ọkọ̀ oní-pẹtiróòlù tó jáde lẹ́yìn 2006 sábà máa ń yege. Oní-dísù, ó di àwọn tó jáde láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án 2015. Ẹ wá rí i pé dísù àtijọ́ tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, ó nídìí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Láísẹ́nsì Nàìjíríà ṣeé lò níbẹ̀ fún oṣù méjìlá láti ọjọ́ tí ẹni náà ti di olùgbé ibẹ̀, kì í ṣe láti ọjọ́ tó ra ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti di akẹ́kọ̀ọ́ padà, kódà bó ti wakọ̀ Ìbàdàn sí Èkó fún ogún ọdún. Láísẹ́nsì akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ pọ́n-ùn 34 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà 23, ti ojú títì 62 láàárín ọ̀sẹ̀. Owó kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò ló máa ń jìnnà. Ẹni tó bá dúró di oṣù kọkànlá, á kàn máa wo ọkọ̀ rẹ̀ lójú fèrèsé ni.

Ó ku ìdúnàádúrà. Òfin kan tó ti wà láti ọdún 2015 fún ẹni tó bá ra ọkọ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò láàyè ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá a padà kó sì gba owó rẹ̀, bí àléébù bá ti wà lára rẹ̀. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ aládùúgbò ò ní irú ààyè yẹn. Ìdajì owó tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ nílé, bí àǹtí bá sọ ọ́ lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ lè tán síbẹ̀. Kó fa MOT yọ: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n kìlọ̀ nípa táyà méjì yìí lọ́dún tó kọjá, ẹ ò sì tíì pààrọ̀ wọn. Ẹ yọ owó táyà kúrò." Ọ̀rọ̀ tó lẹ́rìí, ó máa ń wọlé jù. Kó má sì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ fún ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ ò tíì rí, ẹni yòówù kó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Yorùbá bíi tiẹ̀.

Iṣẹ́ fún ìpàdé Ọjọ́bọ: kí kálukú wá ọ̀rọ̀ márùn-ún tí a hun bí àlòkù. Kí ẹ sì pín ara yín sí méjì méjì, kí ẹnìkan ṣe àǹtí, kí ẹnìkejì ṣe ẹni tó ń ta ọkọ̀. Ó kéré tán, àǹtí gbọ́dọ̀ béèrè ìbéèrè mẹ́fà. Táyà, bírékì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ti di tiwa, ẹ lè lò wọ́n. Ẹni tó bá sọ pé "mo fẹ́ buy car", á pàdánù àmì méjì.