Ẹyin, Ẹ̀pà àti Edé fún Ọmọ Ọwọ́

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹyin, ẹ̀pà àti edé wà ní ọjà Ìkòtún. Síbẹ̀, ẹ̀rù méjì ni ó ń mú kí á fi wọ́n du ọmọ ọwọ́. Èkíní ni ọ̀rọ̀ àtijọ́, pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ẹ̀rù yìí kò ní ìdí: àìkọ́ ọmọ ni í sọ ọmọ di olè. Èkejì ni pé ara ọmọ lè kọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Èyí ní ìdí, ṣùgbọ́n fífà sẹ́yìn kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Ní ọdún 2015, Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù gbé èsì ìwádìí kan jáde. Ọmọ 640 ni wọ́n kó jọ, láti oṣù 4 sí 11, àwọn tí ara wọn ń yún gidigidi tàbí tí ara wọn kọ ẹyin. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 5, nínú 100 àwọn tí a kò fún ní ẹ̀pà, bíi 17 ni ara wọn kọ̀ ọ́; nínú 100 àwọn tí ń jẹ ẹ́ déédéé, bíi 3 péré ni.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu títí di oṣù 6. Lẹ́yìn náà, bí ó bá ti ń jẹ ògì, kí á mú àwọn oúnjẹ wọ̀nyí wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹyin jinná dáadáa. Kí á lọ ẹ̀pà kúnná, kí á pò ó mọ́ ògì. Odidi ẹ̀pà lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lọ́fun. Kí á má fi mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin àti elédé bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ara ọmọ bá kọ̀ ọ́, a kò ní mọ èwo ni. Díẹ̀ ni kí á fún un, ní òwúrọ̀, nígbà tí ara rẹ̀ dá, kí ojú wa lè wà lára rẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ bá gbà, kí á má ṣe dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ọmọ tí ara rẹ̀ ń yún gidigidi, kí oníṣègùn kọ́kọ́ wò ó. Bí ètè tàbí ojú ọmọ bá wú lẹ́yìn oúnjẹ, tí ó ń bì léraléra, tí èémí rẹ̀ ń há, tàbí tí ó rọ jọ̀wọ̀lọ̀, ẹ má ṣe dúró fi epo pa á lára; ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ilé Ìwòsàn Ìjọba ti Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgándò. Kí á má ṣe bẹ̀rù oúnjẹ. Kí á máa ṣọ́ ọmọ.