Epo, Ọ́ìlì àti Ìrìn Písítìnì: Èdè-Ìperí fún Rírà àti Ìsọdọ̀tun Ògbólógbòó Ẹ́ńjìnnì Amubẹntiróòlù ní Láńlátẹ̀

Ìfáàrà

Ní Láńlátẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Èrúwà, ní Ìgbó-Ọrà àti ní àwọn ìlú Ìbàràpá yòókù, agbára káká ni ẹ̀gẹ́ fi ń di gàrí láìsí ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá ti bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì fọ̀ ọ́ tán, ibi ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé e lọ láti rin ín. Ẹ́ńjìnnì ni ó sì ń yí irin tí ń rin ín náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Lister ará Ìlú Ọba ni ó gba iwájú nínú iṣẹ́ yìí: díísù ni ó ń mu, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i kí ó tó jí, àgbá omi sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ń mú un tutù. Lister kọ́ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ẹ́ńjìnnì kékeré amubẹntiróòlù ni, èyí tí ó wà lára ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kékeré, lára ẹ̀rọ tí ń fa omi sí oko ẹ̀fọ́, lára ayùn àwọn agégi, lára ẹ̀rọ ìfínkòkòrò tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, àti lára jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń tan iná ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.

Tuntun wọ́n. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò rí, yálà àlòkù ilé tàbí tòkunbọ̀. (Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí ó sì padà wálé ni wọ́n ń sọ ní Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù inú ọkọ̀ ojú omi ti wá bá ọmọ du orúkọ.) Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í sábà bá ìwé ìlànà rẹ̀ wá. Ẹnu ẹni tí ń tà á ni ìwé ìlànà rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu náà bá rújú, owó olówó ni yóò bá a lọ.

Kì í ṣe Ìbàràpá nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní apá àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ti ń bo ẹnu ọ̀nà ilé mọ́lẹ̀ nígbà òtútù, irú ẹ́ńjìnnì kékeré yìí ni wọ́n dè mọ́ ṣọ́bìrì tí ń kó yìnyín dànù. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wá ògbólógbòó irú ṣọ́bìrì bẹ́ẹ̀ rà láti sọ wọ́n dọ̀tun, pàápàá èyí tí ilé-iṣẹ́ Toro ti Minnesota ṣe. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìnyín bẹ́ẹ̀ ni ó lo ẹ́ńjìnnì Tecumseh, ṣùgbọ́n Tecumseh ti jáwọ́ nínú ṣíṣe ẹ́ńjìnnì kékeré láti ọdún 2008. Ẹni tí ń wá gásíkẹ́ẹ̀tì irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ní Minnesota àti ẹni tí ń wá ríìngì ẹ́ńjìnnì tí kò ní ìwé ní Láńlátẹ̀, ìṣòro kan náà ni ó dè wọ́n.

Iṣẹ́ èdè-ìperí ti dé ibi pàtàkì ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ọdún 1970 ni ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá jẹ́ abẹnugan rẹ̀, ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984, apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ olóòtú Ayọ̀ Bámgbóṣé. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó gbájú mọ́. Lábẹ́ ìbòrí mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ ń dá ara rẹ̀ dá. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe ni láti mọ èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà, kí a má ba fi tuntun tí kò wúlò rọ́pò rẹ̀.

Ìrìn ni, kì í ṣe ìlọbọ̀

Inú ẹ́ńjìnnì ni písítìnì wà, tí ó ń lọ sókè tí ó sì ń bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ nínú ihò róbótó kan. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè jẹ́ ìrìn kan. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ ìrìn mìíràn. Nínú oríṣi ẹ́ńjìnnì kan, ìrìn mẹ́rin ni písítìnì ń rìn kí iná tó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan: ó sọ̀ kalẹ̀ láti fa afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù wọlé, ó gòkè láti fún wọn pọ̀, iná ràn ó sì tì í wálẹ̀, ó tún gòkè láti lé èéfín jáde. Honda GX160, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lára ẹ̀rọ ìfami, jẹ́ irú èyí. Nínú oríṣi kejì, ìrìn méjì péré ni gbogbo iṣẹ́ yìí ń gbà. Ẹ́ńjìnnì ayùn agégi jẹ́ irú èyí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti jẹnẹrétọ̀ kékeré Tiger TG950 tí àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fi ẹni tí ó ni ín sàn ju aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Tú-sítírókù àti fọ́-sítírókù ni àwọn mẹkáníìkì ń pe méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ yára sọ ọ́ di Yorùbá lè pè é ní ẹ́ńjìnnì onílọbọ̀-méjì. Àṣìṣe ńlá ni. Nínú èdè Yorùbá, àlọ àti àbọ̀ ni ó pa pọ̀ di ìlọbọ̀ kan. Ìlọbọ̀ méjì sì jẹ́ ìrìn mẹ́rin. Orúkọ tí wọ́n fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì kìíní ni wọ́n ti fún èkejì yẹn, kò sì sí bí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò ti mọ̀ pé wọ́n ṣì í pè. Ìgbésẹ̀ sàn díẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́rùn: ìgbésẹ̀ ni wọ́n ń pe ìtòlẹ́sẹẹsẹ ohun tí ènìyàn yóò ṣe pẹ̀lú. Ìrìn ni ó bá a mu jù. Nítorí náà, onírìn-méjì àti onírìn-mẹ́rin ni wọn yóò jẹ́ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ìyàtọ̀ wọn kò mọ sí iye ìrìn. Onírìn-mẹ́rin ní ibùgbé fún ọ́ìlì nísàlẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbé, ibẹ̀ ni ó sì ti ń ta sí ara irin tí ń yí. Onírìn-méjì kò ní ibùgbé bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé orí písítìnì. Bí ọ́ìlì yóò bá dé ara irin rẹ̀, àfi kí ó bá bẹntiróòlù wọlé. Ẹni tí ó bá da bẹntiróòlù lásán sí onírìn-méjì irú èyí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi gbádùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì po ọ́ìlì mọ́ ti onírìn-mẹ́rin yóò rí èéfín púpọ̀ àti pílọ́ọ̀gì dúdú, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà kò ní tìtorí rẹ̀ kú lójú ẹsẹ̀.

Epo àti ọ́ìlì

Èdè Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, epo, pe epo pupa, bẹntiróòlù, díísù àti kẹrosíìnì. Nínú ilé, àyè tí ọ̀rọ̀ ti jáde máa ń là á. Nídìí ẹ́ńjìnnì, kì í là á. Ẹ jẹ́ kí a gbé ìyá onígàrí kan àti ẹni tí ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù yẹ̀ wò:

“Ẹ kú ọjà o, ọ̀gá. Epo wo ni ẹ́ńjìnnì yìí ń mu?”

“Ẹ ṣeun, màmá. Bẹntiróòlù ni.”

“Ṣé epo rẹ̀ pé báyìí?”

“Ó pé, màmá. Ẹ wò ó nínú táǹkì.”

Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ìyá béèrè ọ́ìlì, bẹntiróòlù ni ọkùnrin náà fi dá a lóhùn. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá jẹ́ onírìn-méjì, tí ìyá sì ra bẹntiróòlù lásán kún un nígbà tí ó délé, kò ní rin ẹ̀gẹ́ ọjọ́ kan tán kí ó tó gan.

Èyí ni ó fi yẹ kí a ṣọ́ra fún àwọn tí ń fẹ́ lé ọ́ìlì jáde nítorí pé àyálò ni. Wọ́n ní kí a pè é ní epo ẹ̀rọ. Ta ni yóò mọ̀ pé bẹntiróòlù kọ́ ni epo ẹ̀rọ? Òróró náà kò bójú mu, nítorí èyí tí wọ́n fi ń dín àkàrà ni ó ń wá sí ọkàn olùgbọ́. Àwọn mẹkáníìkì ti fi ọ́ìlì sọ ìyàtọ̀ tí epo kò lè sọ. Àyálò tí ó ń la ọ̀rọ̀ yé ni, ó sì tọ́ kí ó wà nínú ìwé bí ó ti wà lẹ́nu.

Rírà

Ìbéèrè kìíní, nígbà náà, ni pé onírìn mélòó ni. Bí ẹni tí ń tà á kò bá mọ̀ ọ́n, kí olùrà wo ara ẹ́ńjìnnì náà. Onírìn-mẹ́rin máa ń ní ìdérí nísàlẹ̀ tí wọ́n ń ṣí da ọ́ìlì sí. Bí irú ìdérí yìí kò bá sí, tí wọ́n sì tẹ 50:1 tàbí 25:1 sára ìdérí táǹkì, onírìn-méjì ni. Àwọn kan ní kí olùrà ka iye ìgbà tí iná pílọ́ọ̀gì ń ta. Kò ṣeé gbára lé, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ onírìn-mẹ́rin kékeré, iná ń ta ní gbogbo ìyípo, bí kò tilẹ̀ ní iṣẹ́ tí yóò ṣe nígbà kan nínú méjì.

Lẹ́yìn èyí, kí ó fa okùn ìjí-ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń ta kò ó. Bí okùn bá ń fà wẹ́rẹ́ láìsí ibi líle, ríìngì ti jẹ tán, tàbí kí gásíkẹ́ẹ̀tì ti là. Bí kò bá fà rárá, ó ti gan.

Fún onírìn-méjì, àyẹ̀wò kan wà tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ, owó rẹ̀ kò sì ju ti sípánà kan lọ. Kí wọ́n tú páìpù èéfín kúrò, kí olùrà sì yọjú wo ẹ̀gbẹ́ písítìnì láti ojú ihò tí èéfín ń gbà jáde. Bí ara rẹ̀ bá ń dán, tí ó sì jọ̀lọ̀, ó dára. Bí ilà gbọọrọ bá wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi èékánná ya á, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi bẹntiróòlù lásán wà á rí. Ẹni tí ń tà á tí kò bá gbà kí wọ́n tú páìpù náà ti dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbí tí ń da ọmọ ilé-ìwé rú. Bí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé inú rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì lè yí mọ́. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ìró ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti yá a ń tọ́ka sí, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń dún nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí ìwé Yorùbá lo gan fún ti mẹkáníìkì, kí ó sì lo kíkàn fún ti ìwé: ẹ́ńjìnnì tí ń kàn gbàgbà ṣì ṣeé gbà là, èyí tí ó ti gan ń fẹ́ iṣẹ́ púpọ̀.

Ìsọdọ̀tun

Àtúnṣe yàtọ̀ sí ìsọdọ̀tun. Ẹni tí ó fi wáyà so ohun tí ó já kí ẹ̀gẹ́ lè di rírin lónìí ti ṣe àtúnṣe. Ìsọdọ̀tun ni kí ẹ́ńjìnnì padà sí ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe é.

Bí ipata ni ó mú písítìnì, kí wọ́n má fi òòlù lù ú. Kí wọ́n da kẹrosíìnì díẹ̀ gba ihò pílọ́ọ̀gì, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bẹntiróòlù tí ó ti pẹ́ nínú kabúrétọ̀ máa ń di oje tí ó ń lẹ̀ mọ́ ihò tín-ín-rín inú rẹ̀. Wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n fi là á. Irin líle a máa mú ihò náà fẹ̀, bí ó bá sì fẹ̀, ìwọ̀n bẹntiróòlù ti yí padà nìyẹn. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, nítorí afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù ń rìn nílẹ̀ dé ìdí iná kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Kọ́ńtáàtì tí ń ta iná sí pílọ́ọ̀gì ń fẹ́ kí wọ́n nù ún kúrò nínú ipata.

Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń gbójú fò lára onírìn-méjì ni síìlì, rọ́bà róbótó tí ó dí etí irin tí ń yí. Níwọ̀n bí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì yìí ti jẹ́ ojú ọ̀nà àdàlù, bí síìlì bá gbẹ, afẹ́fẹ́ tí kò yẹ yóò máa wọlé. Bẹntiróòlù yóò kéré sí afẹ́fẹ́. Ọ́ìlì tí ó bá a wá yóò kéré pẹ̀lú. Ooru yóò pọ̀. Písítìnì yóò wú, yóò sì gan. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní ayé ti bàjẹ́ mọ́ lára, tí wọ́n pààrọ̀ písítìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, síìlì rẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó wò.

Ó kù ìwọ̀n àdàlù. 50:1 túmọ̀ sí pé ìwọ̀n bẹntiróòlù àádọ́ta ni a ó po ìwọ̀n ọ́ìlì kan mọ́. Àwọn ayùn òde òní ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ògbólógbòó ń fẹ́ 25:1, nítorí ọ́ìlì ìgbà tí wọ́n ṣe wọ́n kò dára tó ti òde òní. Níbi tí kò sí àkọlé mọ́, 25:1 ni ó láàbò jù: èéfín yóò pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n irin kò ní gbẹ. Gálọ́ọ̀nù ni ó wá ń da ìṣirò rú. Gálọ́ọ̀nù Ìlú Ọba jẹ́ lítà mẹ́rin ààbọ̀ àti díẹ̀; èyí tí wọ́n ń pè ní gálọ́ọ̀nù lọ́jà lè gba lítà 4, ó lè gba 5, àwọn mìíràn sì ń pe kẹ́ẹ̀gì lítà 25 bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kí ó po ọ́ìlì báyìí mọ́ gálọ́ọ̀nù kan kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Lítà ni kí wọ́n máa kà: mílílítà 20 sí lítà kan fún 50:1, mílílítà 40 fún 25:1. Inú kẹ́ẹ̀gì ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n ti pò ó, kí wọ́n mì ín dáadáa kí ó tó wọ táǹkì.

Ó dára kí ẹni tí ó sọ ẹ́ńjìnnì dọ̀tun fi ọ̀dà kọ ọ́ sára táǹkì ní èdè tí ẹni tí yóò lò ó lè kà: ONÍRÌN-MÉJÌ. LÍTÀ BẸNTIRÓÒLÙ 1, ỌLÌ MÍLÍLÍTÀ 40 kò tó. Kí ó kọ Ọ́ÌLÌ, pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé, kí ẹlòmíràn má ba à kà á sí ohun mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ tí ó jìnnà sí ẹnu táǹkì ni kí ó kọ ọ́ sí, nítorí bẹntiróòlù tí ó bá dà sílẹ̀ a máa bó ọ̀dà.