Ẹ̀kọ́ Ìtàn: Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Olùkọ́ ní Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ìtàn ilé tí a ti kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo St. Andrew's College, Ọ̀yọ́.

A kò bí i sí Ọ̀yọ́. Abẹ́òkúta ni ìjọ C.M.S. ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìfọ́lé dé ní ọdún 1867, tí a sì lé àwọn Òyìnbó jáde, ó ṣí lọ sí Èkó. Ọdún 1896 ni ó tó dé Ọ̀yọ́, F. Melville Jones sì ni olórí rẹ̀.

Ẹ kíyèsí ọdún yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni Captain Bower fi àgbá lu Ọ̀yọ́, ní ìgbà Aláàfin Adéyẹmí Kìn-ín-ní. Ọdún kejì ni ìwé tẹ̀lé ìbọn wọ ìlú. Ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ lé Òyìnbó lọ́wọ́, nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yìnbọn sí i? Ṣùgbọ́n Samuel Johnson, ọmọ Yorùbá, ti ń ṣe àlùfáà níbẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ìwé kì í ṣe àjèjì pátápátá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú, C. E. Smith ti ìjọ Baptist bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1898.

Nípa ti ilé kíkọ́: àwọn baba wa a máa po amọ̀, wọn a mọ ìpele kan, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ kí wọn tó mọ òmíràn lé e. Agbo ilé a yí àgbàlá ká; koríko bẹẹrẹ ni ìbòrí rẹ̀, òrùlé a sì rọ̀ wálẹ̀ bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òjò má ba ògiri jẹ́. Àwọn míṣọ́nárì mú páànù àti fèrèsé gbọ̀ọ̀rọ̀ wá sí ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n amọ̀ kan náà ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wọn. Ògiri amọ̀ kì í bẹ̀rù ọjọ́ orí. Òrùlé tí ń jò ni ó ń pa á.

D. O. Fágúnwà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's. Lónìí Ajayi Crowther University, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, ni ó wà lórí ilẹ̀ náà. Ilé tuntun dára. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí ògbólógbòó ilé wó, kí ni a ó fi han àwọn ọmọ wa? Kí ẹni tí ó bá rí páànù tí ó ṣí má ṣe dákẹ́.

Ìbéèrè: 1. Ìlú mélòó ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti gbé? 2. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1895? 3. Kí ni ó ń wó ògiri amọ̀?